Windows kò fẹ́ activate, kọ̀ǹpútà náà kò sì wọlé mọ́: ṣé ọ̀kan ló fa èkejì?

Ìràwọ̀_Òwúrọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tá a ń lò nílé ló ń dà mí láàmú. Hard disk àtijọ́ inú ẹ̀ ti ń falẹ̀ jù, ni ọ̀rẹ́ mi kan bá bá mi yọ ọ́, ó fi SSD (irú disk tuntun tó yára) rọ́pò ẹ̀, ó sì fi Windows 11 tuntun sí i. Láti ìgbà yẹn ni "Activate Windows", ìyẹn ni pé kí n fìdí àṣẹ ìlò ẹ̀ múlẹ̀, ti ń hàn ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Tí mo bá lọ sí Settings, tí mo wọ System, tí mo wọ Activation, kóòdù tó ń gbé jáde ni 0x80072F8F. Iṣẹ́ ṣáà ń lọ, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lánàá ni mo gbé e láti pálọ̀ lọ sí yàrá. Mo tàn án, kò wọ Windows mọ́. Á kọ INACCESSIBLE BOOT DEVICE, á pa ara ẹ̀, á tún ara ẹ̀ tàn, á tún kọ ọ́. Ṣé torí pé mi ò activate ẹ̀ ni wọ́n ṣe tì í pa? Iṣẹ́ àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀, ìwé tí mo ń kọ náà wà nínú ẹ̀. Mi ò fẹ́ pàdánù wọn rárá.

Kíákíá

Ẹ format ẹ̀, ìyẹn kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun inú disk rẹ́, kẹ́ ẹ fi Windows mìíràn sí i. Bí kọ̀ǹpútà bá ti bẹ̀rẹ̀ irú èyí, kì í gbọ́ oògùn mìíràn.

Alágbára_Kìnnìún

Àṣẹ ìlò ẹ̀ ló ti tán, bí mo ṣe rí i nìyẹn. Àwọn activator kan wà, ìyẹn ètò tó ń activate Windows láìsí àṣẹ ìlò, tẹ́ ẹ lè fi sórí ẹ̀. Ẹ kàn pa antivirus ná, kẹ́ ẹ wá tẹ activator yẹn lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà lò ó, ó ṣiṣẹ́ fún mi.

Wáyà_Pupa

Ìràwọ̀, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má tíì format ohunkóhun, ẹ má sì fọwọ́ kan activator kankan. Iṣẹ́ àtúnṣe yìí ni mò ń ṣe jẹun, ohun tó sì máa ń dùn mí jù ni kéèyàn pàdánù fáìlì tí kò bà jẹ́ rárá nítorí pé ìbẹ̀rù mú un.

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Windows 10 àti Windows 11 tí a kò activate kì í ti kọ̀ǹpútà pa. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí igun, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ yí àwòrán ẹ̀yìn, àwọ̀ àti irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ padà nínú Settings. Á ṣì máa tàn, á máa ṣí fáìlì, ti Windows 11 á sì máa gba àtúnṣe ààbò. Nítorí náà, INACCESSIBLE BOOT DEVICE kì í ṣe ìjìyà fún àìní àṣẹ ìlò. Ohun tó ń sọ ni pé Windows bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, àmọ́ kò rí disk tó yẹ kó ti ka ara ẹ̀ mọ́.

Alágbára, ẹ má bínú, mo ní láti sọ èyí ketekete nítorí àwọn tó máa kà á lẹ́yìn wa. Ọ̀pọ̀ activator yẹn ń ṣe bíi sáfà KMS ni, ìyẹn sáfà tí ilé iṣẹ́ ńlá máa ń gbé kalẹ̀ fún ogunlọ́gọ̀ kọ̀ǹpútà wọn. Ọjọ́ 180 péré ni activation KMS ń wà, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ padà lọ bá sáfà náà kí ọjọ́ tó pé. Nígbà tẹ́ ẹ bá pa antivirus, tẹ́ ẹ wá fún ètò tí ẹ kò mọ ẹni tó kọ ọ́ láṣẹ administrator, kò sí ohun tí kò lè gbé sínú ẹ̀rọ yín: èyí tó ń jí password, èyí tó ń ti fáìlì pa kó tó béèrè owó. Ti Ìràwọ̀ kò sì wọ Windows rárá. Kò tiẹ̀ sí ibi tí wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́.

Ìràwọ̀, ẹ dá mi lóhùn ìwọ̀nyí. Nígbà tẹ́ ẹ ń gbé e lọ sí yàrá, ṣé ẹ yọ wáyà iná ẹ̀ pátápátá? Tẹ́ ẹ bá tàn án tẹ́ ẹ ń tẹ Del tàbí F2 títí BIOS (ojú ètò ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó gbéra) fi yọ, ọjọ́ wo ló wà níbẹ̀? Nígbà tí ọ̀rẹ́ yín ń fi Windows sí i, ṣé ó bá ìṣòro kankan pàdé?

Ìràwọ̀_Òwúrọ̀

Ẹ ṣé, Wáyà_Pupa. Bẹ́ẹ̀ ni, mo yọ wáyà iná, kò ṣeé gbé bí n kò bá yọ ọ́. Mo wọ BIOS: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2019 ló kọ síbẹ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó ní nígbà tóun ń fi Windows sí i, kò kọ́kọ́ rí SSD náà rárá nínú ibi tí wọ́n ti ń yan disk, òun wá yí nǹkan kan padà nínú BIOS kó tó yọjú. Kò rántí orúkọ ẹ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀: láti ìgbà yẹn ni browser ti ń sọ pé "Your clock is behind" lórí ọ̀pọ̀ ojú-ewé.

Wáyà_Pupa

Ẹ kú làákàyè. Ọ̀rẹ́ yín ti bá wa tú u. Ohun kan ṣoṣo ló fa wàhálà méjèèjì: bátìrì kékeré orí motherboard, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo nǹkan so mọ́, ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí motherboard, ó rí roboto bí owó ẹyọ, volt 3 ni, CR2032 ni nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ jù lára ẹ̀. Òun ló ń mú kí ago máa lọ, tó sì ń tọ́jú àwọn ètò BIOS nígbà tí iná kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ rárá. Tí wáyà bá wà lára ògiri, tí iná sì wà, kódà tẹ́ ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, iná díẹ̀ ṣì ń dé motherboard. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè lo ẹ̀rọ tí bátìrì ẹ̀ ti kú fún ìgbà pípẹ́ láìmọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yọ wáyà ni àṣírí á tú: ago á padà sí ọjọ́ tí wọ́n tò sínú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ètò BIOS náà á padà sí bí wọ́n ṣe kó o jáde.

Ẹ wá wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí yín. Ọ̀rẹ́ yín yọ wáyà kó lè pààrọ̀ disk. BIOS padà sí ètò àkọ́kọ́, mo sì gbà pé lórí ẹ̀rọ yín, ètò àkọ́kọ́ yẹn fi disk sí RAID, ìyẹn ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ ń gbà bá disk sọ̀rọ̀, tí àwọn kan ń pè ní Intel RST tàbí VMD. Tí disk bá wà lórí RAID bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fi Windows sí ẹ̀rọ sábà máa ń wà láìrí SSD, àyàfi tẹ́ ẹ bá fún un ní driver ẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ bó ṣe máa lo ohun èlò kan. Ọ̀rẹ́ yín yí i sí AHCI, ọ̀nà mìíràn láti bá disk sọ̀rọ̀, disk yọjú, ó fi Windows sí i. Windows yín kọ́ AHCI nìkan. Nígbà tẹ́ ẹ yọ wáyà lánàá, BIOS padà sí RAID, Windows wá ń wá disk ẹ̀ lọ́nà tí kò sí mọ́.

Ti activation ńkọ́? Kóòdù 0x80072F8F sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọjọ́ àti àkókò kò péye, ìsopọ̀ aláàbò pẹ̀lú sáfà kò sì fìdí múlẹ̀. Gbogbo sáfà bẹ́ẹ̀ ló ní ìwé ẹ̀rí tó dà bíi káàdì ìdánimọ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tó parí wà lára ẹ̀. Tí ago yín bá ń sọ pé 2019 la wà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹ̀rọ yín, kò sì ní gbà á. Ohun kan náà ni browser ń bá yín wí.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí Windows kò tún ago náà ṣe fúnra ẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí kọ̀ǹpútà ilé, bí àlàfo bá ti ju wákàtí 15 lọ, iṣẹ́ tó ń tún ago ṣe kì í fọwọ́ kàn án. Ti yín sì lé ní ọdún.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe báyìí: ẹ wọ BIOS, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tó tọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SATA Mode, Storage tàbí VMD sí, ẹ yí i sí AHCI (tó bá jẹ́ VMD ni, ẹ sọ ọ́ di Disabled), ẹ tẹ F10 láti fi í pamọ́. Èyí kò fọwọ́ kan fáìlì yín kankan. Ẹ má gba "Reset this PC" láàyè tó bá bẹ̀ yín.

Àǹtí_Fáìlì

Ẹ dúró díẹ̀ ná, kí Ìràwọ̀ tó yí ohunkóhun nínú BIOS. Ṣé BitLocker, ìyẹn ohun tó ń ti gbogbo fáìlì inú disk pa fún ààbò, wà lórí ẹ̀? Tó bá wà, ìyípadà nínú BIOS lè mú kó béèrè recovery key, nọ́ńbà 48 gbáko. Bí ẹ bá ń fi àkáǹtì Microsoft wọlé sí kọ̀ǹpútà náà, ẹ fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan. Mo mọ ẹnì kan tó wá a títí tí kò rí i, fáìlì ẹ̀ sì wà nínú disk láìsí ẹni tó lè ṣí i. Tí key yẹn bá sọnù, kò sí oníṣẹ́ kankan tó lè bá yín gbà á padà.

Ìràwọ̀_Òwúrọ̀

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Àkáǹtì ti inú ẹ̀rọ lásán ni ọ̀rẹ́ mi ṣe, kì í ṣe ti Microsoft, kò sì béèrè nọ́ńbà kankan rí. Mo máa gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ òní.

Òru_Ò_Mọni

Kò sídìí fún gbogbo wíwá inú BIOS yìí. Ẹ wọ Command Prompt (ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ) láti inú ibi àtúnṣe Windows, ká fi àṣẹ tún fáìlì ìgbéra ṣe: ẹ tẹ bootrec /fixmbr, bootrec /fixboot, bootrec /rebuildbcd, kẹ́ ẹ tún un tàn. Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe láti ìgbà Windows 7 nìyẹn.

Wáyà_Pupa

Òru, àṣẹ yẹn ṣe wá lóore nígbà tirẹ̀, mi ò kóyán ẹ̀ kéré. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń lo Windows 11 ló ń gbéra láti UEFI (irú BIOS ti òde òní) lórí disk GPT (ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà pín disk). MBR, tó jẹ́ ti ọ̀nà àtijọ́, kò kópa nínú ìgbéra wọn, nítorí náà /fixmbr kò tún ohunkóhun ṣe níbẹ̀. /fixboot náà sábà máa ń dá èsì "Access is denied" padà. Tó bá jẹ́ pé fáìlì ìgbéra ló bà jẹ́ lóòótọ́, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ diskpart (àṣẹ tó ń bá ìpín disk ṣiṣẹ́), kẹ́ ẹ tẹ list vol, kẹ́ ẹ wá ìpín kékeré tó jẹ́ FAT32, tó sábà máa ń tó 100 MB, kẹ́ ẹ fún un ní lẹ́tà S, kẹ́ ẹ jáde, kẹ́ ẹ wá tẹ:

bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Ẹ rí i dájú pé C yẹn ni Windows wà lóòótọ́, torí nínú ibi àtúnṣe, lẹ́tà disk lè yí padà, ohun tó jẹ́ C tẹ́lẹ̀ lè di D. Àmọ́ ọ̀ràn Ìràwọ̀ kọ́ nìyí. Fáìlì ìgbéra tiwọn kò bà jẹ́: Windows ń gbéra kó tó kú. Tí fáìlì ìgbéra bá bà jẹ́, kò ní tiẹ̀ débẹ̀.

Òru_Ò_Mọni

Mo ti gbọ́. Mi ò mọ̀ pé /fixmbr kò kan GPT. Ẹ ṣé.

Ọ̀dọ́mọdé_Ọdẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ tèmi náà síbẹ̀. Ago tèmi pé, kọ̀ǹpútà mi sì ń wọlé, àmọ́ 0xC004C008 ló ń gbé jáde. Product key, ìyẹn kóòdù àṣẹ ìlò Windows, tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, owó ẹ̀ kò tó nǹkan sí ti àwọn yòókù.

Wáyà_Pupa

Àbúrò, kóòdù yẹn ń sọ pé wọ́n ti lo key náà lórí kọ̀ǹpútà tó ju iye tí wọ́n fàyè gbà lọ. Tó bá di 0xC004C003, wọ́n ti dí i pa nìyẹn. Ẹ padà bá ẹni tó tà á fún yín, kẹ́ ẹ gba owó yín. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó máa sọ key yẹn di tiyín.

Ìràwọ̀_Òwúrọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ó ti wọlé! Mo rí "SATA Operation" nínú BIOS, "RAID On" ló wà níbẹ̀ bí Wáyà_Pupa ṣe sọ gẹ́lẹ́. Mo yí i sí AHCI, mo tún ọjọ́ ṣe, mo tẹ F10, Windows sì ṣí wọ̀ọ̀. Gbogbo fáìlì wà níbẹ̀, mo ti kó wọn sórí flash kí n tó wá kọ èyí.

Mo wọ Activation, mo tẹ Troubleshoot. Ní báyìí ó ti kọ "Windows is activated with a digital license". Mi ò fi product key kankan sí i. Báwo ló ṣe mọ̀? Ṣé kò ní sọnù tí mo bá pààrọ̀ bátìrì?

Wáyà_Pupa

Inú mi dùn gan-an, ní pàtàkì bẹ́ ẹ ṣe kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí flash.

Digital license, ìyẹn àṣẹ ìlò tí sáfà Microsoft ń tọ́jú, kì í gbé inú disk, ìdí nìyẹn tí SSD tuntun kò fi pa á lára. Nígbà tí Windows ti inú hard disk àtijọ́ ti activate, sáfà fi àmì hardware ẹ̀rọ yín pamọ́, motherboard ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀. Nígbà tí ago tọ́, tí ẹ̀rọ lè bá sáfà sọ̀rọ̀, ó dá yín mọ̀. Ohun tó gbọ́dọ̀ bára mu ni irú Windows náà: àṣẹ ìlò Home kò lè ṣí Pro. Tí ọ̀rẹ́ yín bá ti fi Pro sórí ẹ̀rọ tó ní àṣẹ ìlò Home, 0x803F7001 lẹ bá rí, ìyẹn ni pé kò rí àṣẹ ìlò tó bá a mu, ẹ bá sì ní láti fi Home sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Bátìrì: pípààrọ̀ ẹ̀ kò kan àṣẹ ìlò. Àmọ́ ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú BIOS ná. Lẹ́yìn náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè tán, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan motherboard. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + wà lókè. Tẹ́ ẹ bá tàn án, BIOS á tún ti padà sí ètò àkọ́kọ́, ẹ wọ ibẹ̀ tààrà, ẹ tún ọjọ́ ṣe, ẹ dá AHCI padà, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó wọ Windows. Títí bátìrì á fi dé, ẹ má yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára ògiri.

Kíákíá

Mo kà á tán pátá. Mi ò ní máa yára sọ pé kí wọ́n format mọ́ kí n tó béèrè ọjọ́ tó wà nínú BIOS.

Àǹtí_Fáìlì

Fún ẹni tí tiẹ̀ kò bá wọlé rárá, tó kàn fẹ́ kó fáìlì jáde ná: tí Windows bá kùnà láti gbéra ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ibi àtúnṣe á ṣí fúnra ẹ̀. Ẹ wọ Troubleshoot, Advanced options, Command Prompt, ẹ tẹ notepad. Nínú notepad, ẹ wọ File, Open, ẹ yan All Files. Ibẹ̀ lẹ ti lè rí fódà yín, kẹ́ ẹ copy wọn, kẹ́ ẹ paste wọn sórí flash. Kì í yára, àwọn fáìlì á sì dà bí ẹni pé wọn kò ì yọjú lórí flash títí ẹ ó fi tún ojú-ewé náà ṣí, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là.

Ìyá_Táíwò

Ẹ kú làálàá o. Tèmi jẹ mọ́ motherboard tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn. Láptọ́ọ̀pù mi kò tàn mọ́, wọ́n ní motherboard ẹ̀ ló jóná, wọ́n fi irú ẹ̀ gan-an rọ́pò ẹ̀. Windows inú ẹ̀ kò yí padà, ó ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n 0xC004F211 ló ń gbé jáde. Àwọn tó tún un ṣe ní dandan ni kí n ra Windows tuntun, torí pé àṣẹ ìlò tó bá láptọ́ọ̀pù wá ti kú pẹ̀lú motherboard. Ṣé òótọ́ ni?

Wáyà_Pupa

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Kóòdù yẹn tọ̀nà: ó ń sọ pé hardware ti yí padà. Ẹ kọ́kọ́ bá mi tẹ èyí nínú Command Prompt: slmgr /dli. Kí ló kọ síwájú "channel"?

Ìyá_Táíwò

OEM_DM channel ló kọ.

Wáyà_Pupa

Ó dáa. Ìyẹn ni pé àṣẹ ìlò tó bá láptọ́ọ̀pù yín wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Láti ìgbà Windows 8 ni wọ́n ti ń kọ product key irú ẹ̀ sínú motherboard gan-an. Tó bá jẹ́ RETAIL ni, tó jẹ́ pé ẹ ra key náà lọ́tọ̀, ẹ lè gbé e láti ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn. OEM kì í kúrò lára ẹ̀rọ tó bá wá, òótọ́ nìyẹn. Ibi tí àwọn tó tún un ṣe kò sọ dé ni pé ìlànà Microsoft fúnra ẹ̀ ya ọ̀ràn yín sọ́tọ̀: tí motherboard bá bà jẹ́, tí wọ́n sì fi irú ẹ̀ kan náà tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí rọ́pò ẹ̀, ẹ kò nílò àṣẹ ìlò tuntun. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ motherboard tó lágbára jù ni, ìyẹn ni wọ́n máa kà sí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ẹ gbìyànjú Troubleshoot nínú Activation, kẹ́ ẹ tẹ "I changed hardware on this device recently". Bí kò bá gbà, ẹ ṣí Get Help kẹ́ ẹ bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ní ìwé tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn tó tún un ṣe lọ́wọ́, èyí tó kọ ọ́ pé motherboard jóná, àti risíìtì láptọ́ọ̀pù bẹ́ ẹ bá ṣì ní in. Ẹ sọ fún wọn ní tààrà pé nǹkan tó bà jẹ́ lẹ pààrọ̀. Ẹ má tíì náwó lórí Windows mìíràn kẹ́ ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀ tán.

Ìyá_Táíwò

Ìwé àtúnṣe náà wà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó jóná. Troubleshoot kò gbà, mo máa bá wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ yín.

Wáyà_Pupa

Àmín o, Ìyá wa. Tí wọ́n bá béèrè Installation ID, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ yín mọ̀, ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ slui 4, á gbé nọ́ńbà náà síwájú yín. Ẹ kà á fún wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fún yín ní nọ́ńbà mìíràn tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sínú àwọn àpótí tó wà nísàlẹ̀.